Ṣé Ẹ̀rọ Lè Rí Ohun Tó Ń Dùn Wá?

Orí ń fọ́ mi, inú ń run mí, ìhà ń gún mi, egbò ń ta mí, iṣan ń fà mí, egungun ń ro mí. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí ẹnì kan bá sọ pé orí ń run òun, a ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná kí a tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni "ó ń dùn mí" wá, ìyẹn tó gba ohun gbogbo mọ́ra: ọgbẹ́ ń dùn mí, ọ̀rọ̀ tí o sọ sí mi lánàá ń dùn mí, ikú bàbá ọ̀rẹ́ mi dùn mí. Tí a bá wá dé ilé ìwòsàn, gbogbo èyí á di nọ́ńbà. "Láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni?"

A fẹ́ kọ nípa àwọn onímọ̀ tí nọ́ńbà yẹn kò tẹ́ lọ́rùn, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo inú ọpọlọ láti wá ìrora fúnra rẹ̀ rí. A sì fẹ́ kọ nípa àwọn tó tún tẹ̀ síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ní kí aláìsàn máa wo ọpọlọ ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ó sì kọ́ bí yóò ṣe máa darí rẹ̀ tí ìrora náà yóò fi rọlẹ̀. Neurofeedback ni wọ́n ń pe èyí. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ìwé yangàn fún yín o. Ọ̀rọ̀ owó ló fà á.

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan ń kọ́ físíìsì, ọ̀kan ń kọ́ nípa bí ara ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan wà ní ẹ̀ka èdè Yorùbá, ẹnì kẹrin ń kọ́ ìṣirò owó. Ọ̀kan nínú wa ní ẹ̀jẹ̀ SS. Ó ti ka gbogbo ohun tí a kọ síbí kí a tó gbé e jáde, ó yọ ibi méjì kúrò, ó sì ní kí a fi ìyókù sílẹ̀. Nígbà tí sáà tó kọjá ń parí lọ, ó rí ìpolówó kan lórí fóònù: ohun kan bí ìgbàjá tí a ń dè mọ́ iwájú orí, tí wọ́n ní ó ń ka iná mànàmáná inú ọpọlọ, tí yóò sì máa fi ìró omi àti ohùn ẹyẹ kọ́ni bí a ṣe ń pa ìrora láti orísun rẹ̀. Owó rẹ̀ ju owó yàrá àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọdún kan lọ. Òun kọ́ ló ní kí a dá owó fún òun. Àwa la ní a ó dá a. Ṣùgbọ́n oníṣirò owó inú wa sọ pé òun kì í sanwó ọjà tí òun kò tíì yẹ̀ wò, ó ní kí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pín ìwé kà. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS nínú ẹbí mọ orúkọ tí àwọn àgbà fún àrùn náà: fòníkú-fọ̀ládìde. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ohun tí orúkọ yẹn kò sọ ni gbogbo ọjọ́ tí ẹni náà kò kú, tí kò sì dìde. Ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, Wally Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn 232 tó ní àrùn yìí máa kọ ìrora wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́, ó tó oṣù mẹ́fà fún àwọn mìíràn. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Ó ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ tí ìrora wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dé ilé ìwòsàn kò tó 4 nínú 100. Ìyókù, ilé ni wọ́n ti ń gbé e mì. Nígbà tí a ka èyí sókè nínú yàrá, ọ̀rẹ́ wa kò sọ nǹkan kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Ní ọdún tó kọjá, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan lóru, a kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ó ti lo oògùn tó yẹ kó lò nílé, kò ràn án. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ya àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan tó burú. Ìyá rẹ̀ pè lórí fóònù, ó sì ń dá a lóhùn pé, "Mo wà pa, Màámi, ẹ má dààmú," ó ń fi ẹ̀rín sí i kí ìyá má baà gbéra láti Ìkirè ní aago méjì òru. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wò ó títí, ó ní ẹni tí egungun ń ro kì í rẹ́rìn-ín, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ọgbọ́n yìí wá oògùn olóró ti pọ̀ jù. Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń rí ìrora ṣe wọ̀ wá lára tó nìyẹn. Ká ní ó wà lálẹ́ ọjọ́ náà ni, à bá gbé àwòrán náà síwájú ẹni yẹn pé ẹ wò ó, òun rèé, ó ń jó.

Ẹni tó ń kọ́ nípa ara ẹ̀dá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà náà fún wa. Ó ní kò sí wáyà kan tó ti ẹsẹ̀ lọ tààrà sí ọpọlọ bíi ti agogo ẹnu ọ̀nà. Henry Beecher, dókítà ará Amẹ́ríkà, tọ́jú àwọn ọmọ ogun ní Ítálì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ohun tó sì kọ ní 1946 ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbọgbẹ́ ńlá ni kò fẹ́ oògùn ìrora. Ó rò ó pé ọgbẹ́ náà ni ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń lọ sílé. Ní 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé ẹnu ọ̀nà kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tí ìròyìn ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbà kọjá, àti pé ọpọlọ lè ṣí i, ó sì lè tì í. Bí a bá fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gbá òkúta, ọwọ́ wa á ti dé ibẹ̀ kí a tó ronú. Fífọwọ́ pa á yẹn ń rán ìròyìn mìíràn gba ẹnu ọ̀nà náà, ìyẹn á sì dí ìrora lọ́nà díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n yà sínú àwòrán wọn ló dúró títí dòní, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó padà sí ọ̀rọ̀ wáyà agogo mọ́.

Tí ìrora bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, àwọn onímọ̀ á kà á sí ọlọ́jọ́ pípẹ́. Nígbà yẹn, ọgbẹ́ lè ti san, kí ìrora má tíì gbọ́ pé ogun ti parí. Ẹgbẹ́ Vania Apkarian ní Northwestern University ní Chicago tẹ̀lé àwọn tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn fún nǹkan bí ọdún kan. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2012 ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni bí apá iwájú ọpọlọ ṣe ń bá ibi kékeré kan tó ń jẹ́ nucleus accumbens ṣe pọ̀ ti fi ẹni tí ìrora rẹ̀ kò ní lọ hàn. Iṣẹ́ ibi kékeré yẹn níí ṣe pẹ̀lú ìfẹ́ ọkàn àti ìrètí èrè. Ọ̀rọ̀ yìí ba díẹ̀ lára wa lẹ́rù, torí ó jọ pé wọ́n ń sọ pé orí èèyàn ti yan ìrora. A jiyàn lé e títí a fi gbà pé kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ nìyẹn: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni pé ẹ̀jẹ̀ òun jẹ́ SS.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí inú ọpọlọ gan-an? Ọ̀nà méjì ló kàn wá. Ti àkọ́kọ́ ti pẹ́: ní 1924, ní ìlú Jena ní Jámánì, Hans Berger kọ́kọ́ gba iná mànàmáná tín-ín-rín tí ọpọlọ èèyàn ń tú jáde láti orí wá. EEG nìyẹn, ohun tí ìgbàjá inú ìpolówó náà ní òun ń ṣe. Ọ̀nà kejì ni fMRI. Ní 1990, Seiji Ogawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Laboratories fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti èyí tó ti já a sílẹ̀ kì í ṣe bákan náà níwájú òòfà ńlá, àti pé a lè fi ìyàtọ̀ yẹn ya àwòrán. Ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ á béèrè ẹ̀jẹ̀ sí i, bíi ilé tó ń ṣe ìnáwó tó ń rán ọmọ léraléra lọ gbé omi wá. Onífíísíìsì wa ní kí a má gbàgbé pé ẹ̀rọ náà kò rí ìnáwó o, àwọn tó ń ru omi ló rí, wọ́n sì máa ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tàbí mẹ́fà kí wọ́n tó pé síbẹ̀.

Òun náà ló sọ ìtàn ẹja fún wa. Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹja salmon kan tó ti kú sínú ẹ̀rọ MRI, wọ́n ń fi fọ́tò àwọn èèyàn hàn án, wọ́n sì ń bi í pé báwo ni inú ẹni tó wà nínú fọ́tò ṣe rí. Àwọn ibì kan nínú orí ẹja náà tàn. Ẹja tútù o, tí à bá fi se ọbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ọpọlọ ní 2009 láti kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn: ẹ̀rọ náà pín orí sí ibi ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹni tó bá sì béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ ibi ẹgbẹẹgbẹ̀rún láìṣe ìṣirò tó yẹ, àwọn kan á ṣèèṣì dá a lóhùn. Ẹni tó bá ti fi orí ìkòkò kun ìwé ìdánwò JAMB rí mọ̀ pé a kì í gba òdo tán. Àwọn onímọ̀ ti tún ìṣirò wọn ṣe láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n bí a bá ti rí àwòrán ọpọlọ tó ń tàn yòò nínú ìpolówó báyìí, ẹnì kan nínú yàrá á ní, "Ẹja ńkọ́?"

Ẹni tó wà ní ẹ̀ka Yorùbá kò rí ti ẹja rò. Ó ti rí ìwádìí kan tó mú un jí wa lóru. Ní 2003, Naomi Eisenberger, Matthew Lieberman àti Kipling Williams gbé àwọn èèyàn sínú ẹ̀rọ, wọ́n ní kí wọ́n máa bá àwọn méjì mìíràn ju bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, àwọn méjì náà dẹ́kun láti máa jù ú sí wọn. Ibì kan ní àárín iwájú ọpọlọ tó ń jẹ́ anterior cingulate cortex, ACC la ó máa pè é, tó máa ń dìde nígbà tí nǹkan bá dun ara, dìde nígbà tí wọ́n yọ èèyàn sílẹ̀ yìí. "Ṣé ẹ rí i?" ló ń pariwo. "Ọgbẹ́ dùn mí, ìwọ̀sí dùn mí, ọ̀kan náà ni! Àwọn baba wa ti mọ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àwa náà sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2013, Tor Wager àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo àwọn 114 nínú ìwádìí mẹ́rin, wọ́n ń fi ohun gbígbóná kàn wọ́n lára, wọ́n sì kọ́ kọ̀ǹpútà láti wo gbogbo ọpọlọ pọ̀ dípò ibì kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà náà mọ ooru tó ń dunni yàtọ̀ sí ìlọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ní bí ìgbà 94 nínú 100, ó kéré tán. Ó sì tún mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìgbà tí èèyàn ń wo fọ́tò olólùfẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àdúgbò kan náà ni méjèèjì ń gbé, ilé wọn kò pọ̀. Ẹ̀ka Yorùbá ní kò burú, ó ṣe tán, "dùn" yìí náà la fi ń sọ pé ọbẹ̀ dùn, kò sì sẹ́ni tó ń wá ọbẹ̀ nínú ọgbẹ́.

Ọ̀rẹ́ wa ló bi wá ní ìbéèrè tó ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ta ni àwọn 114 yẹn? Ara wọn le. Apá ni wọ́n ti fi iná díẹ̀ kàn wọ́n, wọ́n sì gba ilé lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìrora tó ti bá èèyàn gbé láti ọmọ ọdún méjì kò tíì wọ inú àwòrán yẹn. Ní 2017, ìgbìmọ̀ kan tí ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìrora, IASP, gbé kalẹ̀, tí Karen Davis sì ṣíwájú ìwé rẹ̀, sọ ọ́ kedere pé kí ẹnikẹ́ni má fi àwòrán ọpọlọ ṣe ẹ̀rọ ìdánimọ̀ irọ́ fún ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni wọ́n ṣì fi sípò àkọ́kọ́. A ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Inú wa bàjẹ́ díẹ̀, torí a ti fọkàn sí àwòrán tí a ó gbé síwájú ẹni alẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ wa ní tirẹ̀ sọ pé ara tu òun. Ó ní ká ní ẹ̀rọ yẹn wà, tó sì ní òun kò ní ìrora lọ́jọ́ tí ó ń ro òun, ta ni òun ó tún máa bá ṣẹjọ́?

Ẹ jẹ́ ká dé ibi neurofeedback gan-an báyìí, torí ibẹ̀ ló dára jù. Láti àwọn ọdún 1960 ni Joe Kamiya ti rí i pé èèyàn lè kọ́ láti mọ ìgbà tí irú ìgbì EEG kan wà nínú orí òun, tí wọ́n bá ń sọ fún un bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, Barry Sterman ní Los Angeles ń fún àwọn ológbò ní oúnjẹ nígbàkigbà tí ọpọlọ wọn bá gbé ìgbì kan jáde, àwọn ológbò náà sì kọ́ ọ. Ológbò tó ń fọpọlọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́!

Èyí tó kan ìrora jáde ní ìparí 2005. Christopher deCharms àti Sean Mackey, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Stanford àti ilé iṣẹ́ Omneuron, lo fMRI lọ́nà tí èsì rẹ̀ fi ń jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó. Ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja nínú ihò ẹ̀rọ kan tó ń lu bí ẹni ń lu páànù, wọ́n ti ní kí ẹ yọ gbogbo irin ara yín, ẹ kò gbọdọ̀ mira. Àwòrán iná kan wà níwájú yín, ó ń jó lala. Iná náà ni ACC yín. Bí ibẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ sí i, iná á ròkè. Bó bá rọlẹ̀, iná á lọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín bí ẹ ó ṣe ṣe é, àmọ̀ràn díẹ̀ ni wọ́n lè fún yín: ẹ gbé ọkàn yín lọ sí ibòmíràn lára yín, tàbí ẹ ro ìrora náà bí ohun tí kò lè pani lára. Ìyókù dọwọ́ yín. Ẹ ó máa gbìyànjú, ẹ ó dúró fún àwọn tó ń ru omi, ẹ ó wo iná, ẹ ó tún gbìyànjú. Melanie Thernstrom, òǹkọ̀wé tí ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá jà, wọ inú ẹ̀rọ yìí, ó sì kọ ọ́ sínú New York Times Magazine ní 2006. Ọ̀rẹ́ wa ka tirẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ.

Ohun tó jẹ́ kí a fọwọ́ pàtàkì mú ìwádìí yẹn ni bí wọ́n ṣe ṣọ́ra sí. Àwọn kan tí ara wọn le gba àmọ̀ràn kan náà láìwọ ẹ̀rọ. Wọ́n fi ibòmíràn nínú ọpọlọ han àwọn mìíràn. Iná ọpọlọ ẹlòmíràn ni wọ́n sì fi han àwọn kan, tí wọn kò mọ̀ pé tiwọn kọ́. Àwọn wọ̀nyí kò rí irú agbára tí àwọn tó rí iná ara wọn rí lórí ìrora. Àwọn tó ní ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó sì rí iná tiwọn sọ pé ìrora náà dín kù. Ó dára. Àmọ́ mélòó ni wọ́n? Mẹ́jọ. Wọn kò tó èrò inú dánfó kan. Oníṣirò owó wa fi bírò pupa yí nọ́ńbà yẹn po, ó sì gbé ìwé náà kọ́ sára ògiri.

Lẹ́yìn náà ni iyèméjì gidi dé. Manuel Schabus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Salzburg ṣe ìwádìí EEG lórí àwọn tí kì í rí oorun sùn, wọ́n gbé e jáde ní 2017. Àwọn èèyàn kan náà gba neurofeedback tòótọ́, wọ́n tún gba ayédèrú rẹ̀, láìmọ èwo ni èwo. Oorun wọn dára sí i lójú ara wọn nínú méjèèjì, ìkan kò sì ju èkejì lọ. Kì í ṣe ìrora ni wọ́n ṣe é lé lórí, ṣùgbọ́n ìgbàjá orí ni irú ohun èlò yẹn jọ, kò jọ ihò òòfà Stanford.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú tó ń ṣiṣẹ́ yìí dá wàhálà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹnì kan nínú wa ní tí ìrora bá sáà ti lọ, kí ló kàn wá bóyá omi lásán ló lé e lọ? Ẹlòmíràn ní ìyẹn ni gbogbo oníjìbìtì fi ń jẹun. Onímọ̀ ara ẹ̀dá wa mú ìwé 1978 wá: Jon Levine, Newton Gordon àti Howard Fields ṣiṣẹ́ lórí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín wọn. Wọ́n rí i pé naloxone, oògùn tó máa ń dí ọ̀nà mọ́ mọ́fíìnì, tún ń dí ọ̀nà mọ́ ìtura tí oògùn lásán ń mú wá. Ìyẹn ni pé ìrètí ń po oògùn gidi nínú ara. Ní 2011, Ulrike Bingel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fa oògùn ìrora alágbára kan, remifentanil, sínú iṣan àwọn tí ara wọn le. Nígbà tí wọ́n sọ fún wọn pé ó ti ń wọlé, ìtura tó ń mú wá di ìlọ́po méjì. Nígbà tí wọ́n parọ́ fún wọn pé àwọn ti dá a dúró, ìtura náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, bẹ́ẹ̀ oògùn ṣì ń lọ. Nígbà tí a ka èyí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo wa ń ro ti ilé ìwòsàn alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó ní "irọ́ lò ń pa" kí ó tó fún èèyàn lábẹ́rẹ́ ti mú nínú agbára abẹ́rẹ́ ọ̀hún kúrò.

Èrò wa lórí ìgbàjá náà wá yanjú, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Ìpolówó náà dárúkọ ìwádìí 2005 bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ACC wà ní àárín orí lọ́hùn-ún, ihò òòfà ni wọ́n fi dé ibẹ̀. Ohun tí a dè mọ́ iwájú orí, iná mànàmáná orí awọ ló ń gbà, pẹ̀lú ti iṣan iwájú orí àti ti ojú tó ń ṣẹ́. Èèyàn lè fi ìjúfọ́ ojú lásán yí ohùn ẹyẹ inú rẹ̀ padà. Ó lè tuni lára láti jókòó jẹ́ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú kí èèyàn máa gbọ́ ìró omi, a kò bá a jà. Odò wà lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ ó ní ṣé ẹ̀rọ tòótọ́ kò wá sí nílé ni? Ìwádìí kan tí Godwin Ogbole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2018 ka ẹ̀rọ MRI 84 ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nàìjíríà ní 58 nínú wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ló sì jẹ́ èyí tí òòfà rẹ̀ kò lágbára púpọ̀. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ wú tàbí tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ wo iná. A kò rí àríyànjiyàn kankan níbẹ̀.

EEG rọjú díẹ̀, àmọ́ òun náà ní tirẹ̀: irun wa. Ohun èlò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan awọ orí, wọ́n sì ṣe é fún irun tó nà gbọọrọ. Irun tó ki tó sì lọ́ bíi tiwa máa ń tì í kúrò, wọ́n á ní kí èèyàn tú irun tàbí kí ó fá a, wọ́n sì ń yọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwádìí. Arnelle Etienne, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ní Carnegie Mellon University ní Pittsburgh, bínú sí èyí. Òun àti Pulkit Grover pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ohun ìkàn-mọ́-orí tí wọ́n pè ní Sevo, ìyẹn ọpọlọ ní èdè Kírìó ti Háítì. Wọ́n di irun ní kọ́ńrò kí awọ orí lè hàn sí ojú ibi tó yẹ, ohun èlò náà á sì há sáàárín ẹsẹ̀ irun méjì. Irun dídì tí wọ́n ti ń kà sí ìdènà ló wá di ohun tó gbé ẹ̀rọ dúró. A fẹ́ràn ìtàn yìí ju ti ológbò lọ, a sì ti pinnu nínú yàrá pé kòlẹ̀sẹ̀ ló máa bá a mu jù. Ṣùkú á gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí òkè orí.

A kò ra ìgbàjá náà. Ọ̀rẹ́ wa fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Owó tí a ti dá, a fi díẹ̀ ra rọ́bà omi gbígbóná méjì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn. A fi ìyókù san owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn ní ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn ẹlẹ́jẹ̀ SS lọ́tọ̀. Kí ó tó lọ, ó fi oṣù kan kọ ìrora rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, wákàtí sí wákàtí, kì í ṣe nọ́ńbà. "Ń ro." "Ń gún." "Ń fà, kò tíì gún." "Ń jẹ mí nínú egungun." Melzack kan náà ti ìtàn ẹnu ọ̀nà ti ṣe irú rẹ̀ fún èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1975, ó kó ọ̀rọ̀ ìrora 78 jọ sí ìsọ̀rí 20, ilé ìwòsàn sì ń lò ó títí di òní. Dókítà tó rí ìwé ọ̀rẹ́ wa jẹ́ ìyá àgbà kan. Ó kà á dé ìparí láìsọ̀rọ̀, ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, 'ń ro' àti 'ń jẹ mí nínú egungun' yìí, èwo ló máa ń kọ́kọ́ dé?" Ọ̀rẹ́ wa ní kò sẹ́ni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n jọ fi ogójì ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀. Wọ́n yí àkókò oògùn rẹ̀ padà, wọ́n sì fún un ní lẹ́tà tí yóò máa mú dání fún òru tí ó bá gbé e dé ibòmíràn.

Nígbà mìíràn, tó bá dùbúlẹ̀, ó máa ń fojú inú rí iná ọ̀ún, ó máa ń gbìyànjú láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan nínú wa rán an létí pé àwọn tó gbìyànjú láìsí ẹ̀rọ kò rí nǹkan púpọ̀ gbé nínú ìwádìí 2005. Ó ní òun náà ka ìwé yẹn, kí a jọ̀wọ́ fi òun sílẹ̀ pẹ̀lú iná òun. Ó ní bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tòótọ́ dé ìlú wa lọ́jọ́ kan, òun á wọ inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ EEG ni wọ́n sì gbé wá, ẹ sọ fún wọn pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun ni, òun kò tú u.